Orin Tí Kò Lórúkọ

Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo bá wá sójú ìwé yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ọmọ, orúkọ orin ni.

Ní àkókò ìsinmi tó kọjá, mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú ilé tí mo ń gbé ní Akówọnjọ. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń bú lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọ ọkọ̀ sì ń pe Ẹgbẹ́dá àti Ìyànà-Ìpájà lójú títì. Mo ń fi fóònù mi wá orin ilẹ̀ Rọ́ṣíà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí orin ilẹ̀ òkèèrè máa ń wù mí í gbọ́. Obìnrin kan ń fi ẹkún kọrin. Màmá onílé wa, ọmọ bíbí Ìsẹ́yìn, tẹ́tí sí i títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ìyàwó ni wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ yẹn?" Ẹnu yà mí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Orin tí ọmọge Rọ́ṣíà fi ń dágbére fún bàbá àti ìyá rẹ̀ ni. Màmá kò gbọ́ èdè Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ẹkún ìyàwó.

Ni àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí sun ẹkún ìyàwó bí wọ́n ti ń sun ún nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni ó mọ ìyókù, òun ni ó kọ́ mi. Ó ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn." Mo padà sórí fóònù, bóyá n ó rí ìyókù níbẹ̀. Mo rí ẹkún ìyàwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ èyí tí mo rí, kò sí orúkọ ẹni tó sun ún, kò sí ìlú, kò sí ọdún. Wọ́n dà bí ọmọ tí a rí he lójú ọ̀nà.

Mo wá bi ara mi léèrè pé, báwo ni ẹkún ọmọge Rọ́ṣíà ṣe rìn dé Akówọnjọ, tí ti ọmọ Ìsẹ́yìn sì dúró sí ìdajì ọ̀nà? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Àwọn kan ló jókòó ti iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1860, Balakirev, àgbà olórin ilẹ̀ Rọ́ṣíà, rìnrìn àjò lọ sí etí odò Volga, ó ń gbọ́ orin lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1866, ó tẹ 40 nínú rẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lu iṣẹ́ ńlá kẹrin ti Tchaikovsky ní gbangba ní 1878, orin ìbílẹ̀ kan nípa igi tó dá dúró nínú pápá wà ní apá tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ní 1911, Pyatnitsky kó àwọn àgbẹ̀ gan-an wá sí Moscow, wọ́n dúró lórí pèpéle, wọ́n kọ orin oko wọn fún àwọn ará ìlú ńlá. Ẹ ò rí i pé orin oko ni ìpìlẹ̀ orin àwọn ọ̀mọ̀wé wọn?

Bákan náà ni ọmọ ṣe orí ní Amẹ́ríkà. Ní 1928, Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba wọn, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún orin ìbílẹ̀. Ní 1933, John Lomax àti Alan ọmọ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Angola ní Louisiana, wọ́n sì gba ohùn ẹlẹ́wọ̀n aláwọ̀ dúdú kan, Huddie Ledbetter, tí ayé mọ̀ sí Lead Belly. Orin Irene wà nínú ohun tó kọ fún wọn. Ọkùnrin yìí kú ní December 1949. Ní 1950, ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n ń pè ní Weavers kọ orin Irene kan náà, ó sì gba gbogbo Amẹ́ríkà kan. Ẹni tó gbin iṣu kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gúnyán.

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé ẹni tó bá ń gbọ́ orin òyìnbó ti sọ ara rẹ̀ di ẹrú. N kò gbà. Ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í wí pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Orin Rọ́ṣíà ni ó jẹ́ kí n mọ ohun tó wà lẹ́nu màmá onílé mi.

Àwọn mìíràn yóò ní orin wa ti gba ayé kan, kí ni mo tún ń wá? Òótọ́ ni. Babatunde Olatunji, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Badagry, gbé ìlù wa lọ sí Amẹ́ríkà, àwo rẹ̀ Drums of Passion jáde ní 1960. Ìdùnnú ni fún wa. Ṣùgbọ́n òdòdó ni ìyẹn, gbòǹgbò ni mo ń sọ. Bí gbòǹgbò bá gbẹ, kí ni àwọn olórin ọ̀la yóò máa fà mu?

Kì í sì í ṣe pé a kò ní àpẹẹrẹ rere nílé. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, kọ orin Yorùbá sínú àwo ní London. Ó ti lé ní 100 ọdún, a ṣì ń gbọ́ ohùn wọn, a mọ orúkọ wọn, a mọ ọdún. T. K. E. Phillips kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Fela Sowande gbé orin ìbílẹ̀ wọ inú iṣẹ́ ńlá tó ṣe fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960. Àwọn wọ̀nyí ti la ọ̀nà, àwa ni a kò rìn ín dé òpin.

Nítorí náà, àbá mi rèé. Kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ wa mú orin kan ṣoṣo bọ̀ láti ìsinmi tó ń bọ̀. Kí ó gba ohùn náà sórí fóònù rẹ̀, kí ó kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ìlú rẹ̀, ọdún, àti ohun tí wọ́n ń fi orin náà ṣe, kí ó sì fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ tọrọ àyè, nítorí orin awo wà tí kì í ṣe ti ìgboro. Bí owó bá sì ti ibẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan, kí ti olórin dé ọwọ́ olórin, kí á má ṣe é ní ìṣe Lead Belly. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wo inú kọ́bọ́ọ̀dù yín. Téèpù tí ẹ gbà láyé ìgbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ọ́, àti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn tó ti jáde ṣáájú wa, kò yẹ kí eruku jogún wọn.

Mo ti gba ìdajì tí màmá onílé mọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn, ìlú wọn àti ọdún. Mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn náà sí i, nítorí òun ni ó ni ìyókù tí a kò rí mọ́. Àdúgbò tí mo ti ṣe é ń jẹ́ Akówọnjọ. Ẹ jẹ́ kí á máa jẹ́ orúkọ náà, kí á kó wọn jọ nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.