Ìbò Ẹlẹ́sẹẹsẹ ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Bí ìyá bá rán ọmọ lọ sí ọjà, kì í sọ fún un pé kí ó ra ẹja kí ó sì dákẹ́. Yóò fi kún un pé bí kò bá sí ẹja, kí ó ra ẹran. Bí ẹran bá sì wọ́n jù, kí ó ra ẹyin wá. Ó mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ ohun kan ṣoṣo, ọmọ náà lè padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ ìdìbò, ẹnì kan ṣoṣo ni a ń dárúkọ, a sì ń dákẹ́. Bí ẹni náà bá fìdí rẹmi, a kò ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Àwọn ìpínlẹ̀ àti ìlú kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gba ọ̀nà mìíràn, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé níbẹ̀ sì ń fi í dìbò. A ó máa pè é ní ìbò ẹlẹ́sẹẹsẹ. Olùdìbò yóò to àwọn olùdíje bí wọ́n ti wù ú tó: ẹni èkíní, ẹni èkejì, ẹni ẹ̀kẹta. Bí ẹnì kan bá ní ju ìdajì lọ nínú ìbò èkíní, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, a ó yọ ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré jù, a ó sì pín ìwé ìbò àwọn tí ó yàn án fún àwọn tí wọ́n kọ sí ipò kejì. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe títí ẹnì kan yóò fi borí.

Ohun tí ó mú un dé ìpínlẹ̀ Maine yẹ ní mímọ̀. Ní ọdún 2010, Paul LePage di gómìnà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbò tí kò tó 38 nínú 100. Eliot Cutler ní nǹkan bí 36, Libby Mitchell sì ní nǹkan bí 19. A kò sọ pé LePage kò yẹ. Ohun tí a ń sọ ni pé ju 60 nínú 100 àwọn olùdìbò ni wọ́n yan ẹlòmíràn, síbẹ̀ òun ni ó wọlé, nítorí pé àwọn ìyókù pín ara wọn yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ará ìpínlẹ̀ náà fi ìbò sọ ìbò ẹlẹ́sẹẹsẹ di òfin ní ọdún 2016. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà sọ pé òfin ìpilẹ̀ Maine ti là á sílẹ̀ pé ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ni kí ó jẹ gómìnà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a dìbò gbogbogbòò fún gómìnà ní ọdún 2018 àti 2022, a kò lò ó. Ìdìbò abẹ́lé àti ti àwọn ipò ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó kàn. Àgbọ̀nrín tí a torí rẹ̀ dẹ pàkúté ti gba ẹ̀gbẹ́ pàkúté kọjá.

Ní New York, níbi tí àwọn ènìyàn wa kò kéré, àwọn ará ìlú gba òfin náà ní ọdún 2019 fún ìdìbò abẹ́lé sí àwọn ipò ìlú. Ẹni márùn-ún ni olùdìbò lè tò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, olùdíje 13 ni wọ́n jáde fún ipò Máyọ̀ nínú ẹgbẹ́ Democrat. Eric Adams ni ó ṣáájú ní kíkà èkíní, ṣùgbọ́n ìbò rẹ̀ kò ju nǹkan bí 31 nínú 100. Maya Wiley ṣe ìkejì, Kathryn Garcia ṣe ìkẹta. Bí ó bá jẹ́ ti òfin àtijọ́ ni, Adams àti Wiley nìkan ni ìbá tún padà sí pápá, ìlú ìbá sì tún náwó sí ìdìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka ìbò náà títí dé ìgbà kẹjọ, Garcia ti kọjá Wiley, ó sì fi ìbò 7,197 péré pàdánù sọ́wọ́ Adams: 404,513 sí 397,316.

Ní ibí yìí ni a fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí àwọn tí ń polówó ìbò yìí a máa bù mọ́ ọn. Wọ́n ń wí pé ẹni tí ó bá wọlé ti ní ìdajì àwọn olùdìbò lẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìbò 942,031 ni a kà nínú ìdìbò náà, 140,202 nínú wọn kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjì tí ó kù ní ìkẹyìn. Ìdajì àwọn ìwé tí ó kù ni Adams ní, kì í ṣe ìdajì gbogbo àwọn tí ó jáde dìbò. Àwọn kan kọ orúkọ kan péré. Àwọn mìíràn kọ márùn-ún, gbogbo márààrún sì ṣubú. Kí a sọ òtítọ́ yìí fún àwọn ènìyàn kí wọ́n tó rí i fúnra wọn.

A sì tún rí àbùkù mìíràn nínú ìdìbò kan náà. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìdìbò gbé iye kan jáde, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan wọ́n kó o padà, nítorí pé wọ́n ti da nǹkan bí 135,000 ìwé ìdánwò mọ́ ti àwọn ènìyàn. Àwọn kan ń wí pé ìbò yìí le jù fún mẹ̀kúnnù. Àwa kò gbà. Ìyá tí ń kó àjọ fún ọgbọ̀n ènìyàn láìkọ ohunkóhun sílẹ̀ lè to ẹni márùn-ún. Àwọn tí ń kà á ni ìṣòro wà lọ́wọ́ wọn. Bí kíkà bá pẹ́, tí kò sì sí ẹni tí ó ṣàlàyé, ìfura yóò wọlé. Ju ìpínlẹ̀ 10 lọ ní Amẹ́ríkà ni ó ti fi òfin kọ̀ ọ́, Florida àti Tennessee ní ọdún 2022. Ní ọdún 2024, àwọn ará Oregon, Colorado, Idaho àti Nevada kò gbà á. Ní Alaska, níbi tí wọ́n ti gbà á ní ọdún 2020, ìbò tí kò tó 1,000 ni ó gbà á lọ́wọ́ píparẹ́ ní ọdún 2024 kan náà.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn olùdíje tí kò lókìkí kò ní bẹ̀rù mọ́ pé òun ń ṣi ọ̀nà fún ẹni tí òun kórìíra. Àwọn olùdíje pẹ̀lú ń yí ahọ́n padà, nítorí pé ẹni tí ń tọrọ ipò kejì lọ́wọ́ rẹ kò ní bú ẹni tí o fi sí ipò kìíní. Ní ọdún 2025, Zohran Mamdani àti Brad Lander, tí wọ́n jọ ń du ipò Máyọ̀ kan náà, sọ fún àwọn ènìyàn wọn pé kí wọ́n kọ ẹnì kejì tẹ̀lé òun. Mamdani ni ó borí, pẹ̀lú 56 nínú 100 ní kíkà ìkẹyìn.

Bí a bá bi wá pé ṣé kí a gbé e wá sí Nàìjíríà, a ó ní kí a rọra ná. Lóòótọ́, gómìnà lè wọlé lọ́dọ̀ wa láìní ìdajì ìbò, bí ó bá ti ní èyí tí ó pọ̀ jù àti ìdá mẹ́rin ìbò kan nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń ṣọ́ ìbò wa ni pé a ń kà á lójú gbogbo ènìyàn ní ibùdó ìdìbò, a sì ń kéde rẹ̀ níbẹ̀. Ìbò ẹlẹ́sẹẹsẹ kò lè parí níbẹ̀. A gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ kí a tó mọ ẹni tí a ó yọ. Kí àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa kọ́kọ́ dán an wò nínú yíyan alága àti akọ̀wé wọn, kí ojú wa mọ bí a ti ń kà á.

Ní ti àwọn ará wa ní New York, a rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fi àyè kankan sílẹ̀ lófo bí ẹni tí ó tẹ́ yín lọ́rùn bá ṣì wà. Ẹ má ṣe kọ ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀márùn-ún, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò kà á. Ẹ má sì ṣe fi ẹni méjì sí ipò kan náà. Bí kíkà bá dé ibẹ̀, ìwé náà ti bàjẹ́ láti ibẹ̀ lọ.