Ẹ Béèrè Owó Iṣẹ́ Òòjọ́ Pẹ̀lú

Sí ẹ̀yin onímọ̀ tí wọ́n ń gbéṣẹ́ fún láti yẹ ètò ìrànwọ́ mẹ̀kúnnù wò ní Nàìjíríà,

Ìbéèrè kan wà tí ẹ kì í sábà béèrè. Bí ìjọba bá ti pín owó tán, ohun tí ẹ máa ń wá lọ sí abúlé ni bóyá ẹni tó gbà á ṣì ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti káwọ́ gbera. Ẹ ó mú ilé tó gbowó, ẹ ó fi wé ilé tí kò gbà ní abúlé kan náà. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń san fún alágbàṣe lójúmọ́, gbogbo alágbàṣe abúlé ló kàn. Bí ìrànwọ́ bá mú kó gbéra, àtẹni tó gbà àtẹni tí kò gbà ni yóò jẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi méjèèjì wéra kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé èrè kò sí.

Ẹ wo Íńdíà. Òfin 2005 fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìgbèríko ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ ìjọba fún 100 ọjọ́ lọ́dún: gbígbẹ́ adágún omi, líla ọ̀nà. Ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh níbẹ̀, owó iṣẹ́ náà máa ń pẹ́, wọ́n sì máa ń bù ú jẹ, kí ìjọba tó gbé káàdì onítẹ̀ka kalẹ̀ láti fi san án. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Karthik Muralidharan, Paul Niehaus àti Sandip Sukhtankar lo ìbò láàárín àgbègbè 157 láti mọ ibi tí káàdì yóò kọ́kọ́ dé, wọ́n sì fi àgbègbè lódindi wé àgbègbè. Níbi tí ètò náà ti gún, owó tó ń wọlé fún tálákà pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ohun tó lé ní ìdá 80 nínú 100 àfikún náà kò tọwọ́ ìjọba wá rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ló ti wá. Alágbàṣe tó dá lójú pé ìjọba yóò san tirẹ̀ lè sọ fún olóko pé owó yìí kò tó, kó sì kọjá lọ. Ẹni tí kò níbòmíràn tí yóò yà sí, iyekíye ló máa gbà.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ yóò wọ́n bí owó bá lọ sókè. Kò wọ́n níbẹ̀. Ńṣe ló pọ̀ sí i, pàápàá níbi tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀, nítorí àwọn díẹ̀ yẹn ló ti ń tẹ owó iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Lóòótọ́, ẹni tó ń gba alágbàṣe ni yóò ru ẹrù àfikún owó náà, a ò sì gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Ẹ̀yin náà lè sọ pé iṣẹ́ ni ti Íńdíà, owó ọwọ́ ni tiwa. Bẹ́ẹ̀ ni. ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta péré, tí wọ́n kéde fún ìdílé mílíọ̀nù 15 ní 2023, kò lè gbé ẹnikẹ́ni dúró níwájú olóko. Ṣùgbọ́n ní Andhra Pradesh, wọn kò fi kún ìlérí; ìdánilójú pé owó yóò dé lásìkò ló yí padà. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí ẹ máa wọ̀n.

Nítorí náà, ẹ máa fi ìjọba ìbílẹ̀ wé ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ bi olóko ní iye tó ń san. Ẹ bi obìnrin tó ń roko olóko ní iye tó gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti iye tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ tó kọ̀.