Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Gbé Ọmọ Rẹ̀ Mọ́ra

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà ètò ìlera nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin màmá nọ́ọ̀sì tí ẹ ń darí ibùdó ìlera, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo gbé wá síwájú yín. Mo mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ò tó, owó ò sì tó. Ẹ̀bẹ̀ mi kì í ṣe ti ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ẹ wo yàrá abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárọ̀ ọjọ́ tí èrò bá pọ̀. Ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọmọ tó wà lórí ìlà níta á máa gbọ́ igbe èyí tó wà nínú. Abẹ́rẹ́ á tò sórí tábìlì, ní ọ̀gangan ojú ọmọ ọdún mẹ́ta tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá. Bó bá kan òun náà, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, ẹnìkan á di ẹsẹ̀ mú, ẹnìkan á di apá mú. Àwa òbí náà ń dá kún un o, àwa tá à ń sọ nílé pé, "Bí o ò bá jẹun, nọ́ọ̀sì á gún ẹ lábẹ́rẹ́."

Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn jáde lórí bí a ṣe lè dín ìrora abẹ́rẹ́ àjẹsára kù: kí ìyá gbé ọmọ mọ́ra bí wọ́n bá ń gún un; kó fún ọmọ ọwọ́ lọ́mú nígbà náà tàbí ṣáájú díẹ̀; kí ọmọ tó dàgbà díẹ̀ jókòó, kí wọ́n má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ju ẹyọ kan lọ, bó ṣe rí fún ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbí, kí èyí tó ń dunni jù gbẹ̀yìn. Èwo ló ń náni lówó níbẹ̀?

Fífún ìyá láàyè nínú ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ kì í sì í ṣe àṣà òkèèrè. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Dípò kí wọ́n ti káàdì ìwọ̀n ọmọ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi sínú ọ̀rá, wọ́n ní kí ìyá máa mú un lọ sílé. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Lójú tèmi, ìwé yẹn kọ́ ni iṣẹ́ ńlá ibẹ̀. Wọ́n fọkàn tán ìyá ni.

Nítorí náà, ẹ fi aṣọ ìkélé bo ẹnu ọ̀nà, ẹ gbé àga sí i fún ìyá, ẹ gbé abẹ́rẹ́ kúrò lójú ọmọ. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ibùdó tuntun, ẹ pe àwọn ìyá díẹ̀ jókòó kí bíríkìlà tó dé, ẹ bi wọ́n níbi tí ẹ̀rù ti máa ń ba ọmọ wọn. Ibùdó kan péré ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ kọ ìmọ̀ràn yìí ránṣẹ́ sí àwọn nọ́ọ̀sì kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ mìíràn tó dé.