Asẹ́ Ojú Ihò Balùwẹ̀, Ti Ẹni Tó Ń Wẹ̀ Ni

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Mushin, Yaba àti Surulere l'Ékòó, asẹ́ pẹlẹbẹ tó wà lójú ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde kì í pẹ́ kúrò nípò rẹ̀. Bí omi bá ti ń dúró mọ́ ẹni tó ń wẹ̀ ní kókósẹ̀, wọn a yọ asẹ́ náà jù sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí omi lè fà lọ. Láti ọjọ́ náà, ihò yẹn ti di ọ̀fun tí kì í kọ ohunkóhun. Ní Peckham, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, asẹ́ wà lójú ihò ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í kàn án. Ó di ìgbà tí omi bá kọ̀ tí kò lọ mọ́ kí wọ́n tó da oògùn tí ń jó nǹkan sí i, tàbí kí wọ́n pe onílé. Èkíní yọ asẹ́ sọnù, èkejì gbàgbé pé ó wà; ibi kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ. Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa ni pé asẹ́ yìí kì í ṣe ti púlọ́ńbà. Ti ẹni tó ń wẹ̀ ni. Ó yẹ kó ṣeé fi ọwọ́ yọ, kí a máa ṣí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a fọ̀ ọ́ mọ́, kí a sì dá a padà sáyè rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ wo ohun tó ń bá omi ìwẹ̀ wa lọ. Irun orí kì í tètè jẹrà. Àtàṣímẹ́ǹtì tí à ń fi dirun tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ike ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kànìnkànìn náà máa ń já wẹ́wẹ́ bó bá ti ń gbó, fọ́nrán rẹ̀ á sì lọ́ mọ́ irun. Iyanrìn ẹsẹ̀ á bọ́ sáàárín wọn, ọ̀rá ọṣẹ á wá lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lábẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ tí wọ́n ṣe dáadáa, páìpù máa ń tẹ̀ kọrọdọ kí omi díẹ̀ lè dúró níbẹ̀ láti dí òórùn àti aáyán lọ́nà. Ibi títẹ̀ yìí gan-an ni irun ti ń há. Ohun tí à bá fi ìka méjì mú lójú asẹ́ á wá di ohun tí a ó fọ́ táìsì kí a tó rí.

Ìyàtọ̀ ilé àti òkè òkun kò ju ohun tí ojú ń rí lọ. Ní apá púpọ̀ jù lọ l'Ékòó, inú sókàwéè tàbí gọ́tà iwájú ilé ni omi ìwẹ̀ ń lọ, ìdọ̀tí ilé kan á sì di ti àdúgbò. Yaba àti Surulere pàápàá, ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó wà nínú ìtàn wọn: àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1924 ló mú kí ìjọba dá àjọ ìdàgbàsókè ìlú Èkó tí wọ́n ń pè ní LEDB sílẹ̀ ní 1928, àjọ yìí ló la ilẹ̀ Yaba, òun náà ló sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé láti Erékùṣù Èkó lọ sí Surulere láti 1955. Ní Lọ́ńdọ̀nù, abẹ́ ilẹ̀ ni ohun gbogbo ń gbà, ojú kì í rí i títí yóò fi burú. Ní 2017, wọ́n bá òkìtì ọ̀rá àti wipes tó dì bí òkúta lábẹ́ títì ní Whitechapel: ó gùn tó mítà 250, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 130. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ará òkè òkun mọ́ ju ará ilé lọ. Páìpù ló bò wọ́n láṣìírí. Ilé tiẹ̀ ní ètò tó dára: nínú ilé Face-me-I-face-you, àwọn ayálégbé máa ń pín fífọ balùwẹ̀ láàárín ara wọn. Ṣíṣí asẹ́ ló kù kí wọ́n fi kún un.

Ẹnìkan lè ní asẹ́ ló ń dá omi dúró. Rárá, ohun tó wà lórí asẹ́ ni. Bí a bá kó irun kúrò tí omi ṣì dúró, a jẹ́ pé páìpù ìsàlẹ̀ ti dí. Yíyọ asẹ́ yóò túbọ̀ máa bọ́ ohun tó dí i náà ni. Ẹlòmíràn lè ní tòun kò ṣeé ṣí. Òótọ́ ni, nítorí àwọn tó ń lẹ táìsì máa ń fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi síkúrúdíráfà pẹlẹbẹ họ sìmẹ́ńtì náà yí etí rẹ̀ po díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó gbé e. Ẹ wọn ihò náà kí ẹ tó lọ sọ́jà, torí asẹ́ tó tóbi jù kò ní jókòó, èyí tó kéré yóò jábọ́ sínú. Ẹ ra èyí tí kì í dípẹtà, kí ẹ má sì fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ayálégbé lè ní ilé kì í ṣe tòun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin onílé àti ayálégbé ti 1985 gbé àtúnṣe páìpù ìdọ̀tí lé onílé lórí, ṣùgbọ́n láti 1953 ni Adájọ́ Denning ti là á mọ́lẹ̀ nínú ẹjọ́ Warren àti Keen pé bí ìdọ̀tí ayálégbé bá dí ihò omi, òun ni yóò ṣí i. Ìdájọ́ náà bá ìwà ọmọlúàbí mu.

Àtakò tó lágbára jù ni pé gọ́tà ìjọba ti kún, kí ni asẹ́ kan fẹ́ ṣe? Kíkó gọ́tà ńlá, iṣẹ́ ìjọba ni lóòótọ́, ó sì yẹ ká máa béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di 2016, wọ́n ń dá Èkó dúró láago méje sí mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù nítorí ìmọ́tótó. Síbẹ̀, ẹrẹ̀ tí a kó sétí gọ́tà tí ẹnikẹ́ni kò gbé, òjò ló ń dá a padà. Ohun tí asẹ́ bá mú kò ní dé gọ́tà rárá. Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé inú òwe yìí kì í ṣe ẹni tó ń gba owó ilé nìkan. Ẹni tó fi aṣọ rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ láàárọ̀ yìí ni.