Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú omi Kubanni

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Uba Sani,
Ilé Ìjọba, Kàdúná.

Gómìnà wa,

Ọ̀rọ̀ omi ni mo bá wá, àmọ́ kì í ṣe ti omi ẹ̀rọ. Wọ́n ń sẹ́ omi ẹ̀rọ, wọ́n sì ń fi klórínì sí i kó tó wọlé wa. Èyí tí àwọn ọmọ wa ń bẹ́ sínú rẹ̀ lásìkò ooru ni mò ń sọ, ìyẹn adágún tí ìsédò Kubanni sé jọ ní Yunifásítì Ahmadu Bello (ABU) láti àwọn ọdún 1970, àti ti odò Galma tó ń fún ìlú Zaria lómi.

Àrùn tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àtọ̀sí ajá, tí àwọn Hausa ń pè ní tsagiya. Bí ẹni tó ní i bá tọ̀ sómi, ẹyin aràn inú ìtọ̀ rẹ̀ á pa. Ọmọ aràn náà á wọ inú ìṣáwùrú kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ koríko etí omi, á pọ̀ sí i níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á wá jáde láti gba awọ ara èèyàn wọlé. Kò dìgbà tí ọmọ bá mu omi náà. Kó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ti tó. Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn mú tí ìwẹ̀ dùn jù, ni àwọn ọmọ aràn náà ń jáde jù. Lẹ́yìn náà ni ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè ba àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Omi tó dúró sójú kan sì ni ìṣáwùrú yìí fẹ́. Ghana ti rí i: lẹ́yìn tí wọ́n parí ìsédò Akosombo ní 1965, àrùn náà gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ etí adágún Volta. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lò ó tó tún padà sínú omi kan náà lè tún kó o.

Ti ìgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, àgbàrá a gbé ìdọ̀tí àdúgbò Samaru wọ inú Kubanni, pẹ̀lú ajílẹ̀ àti oògùn apakòkòrò láti oko fàdámà. Bí ìjọba bá fẹ́ fi àwọn adágún yìí ṣe ibi ìgbafẹ́ lọ́jọ́ iwájú, kí ọkọ̀ ojú omi máa fa èèyàn sáré lórí omi bí àwọn kan ṣe ń ṣe ní Èkó, kí ẹ rántí pé ẹni tó bá já bọ́ sómi nínú eré yẹn á gba omi símú, á gbé e mì.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ inú omi kò le. Kí wọ́n bu omi sínú ìgò mímọ́, kí wọ́n ka kòkòrò E. coli inú rẹ̀; láàárín nǹkan bí wákàtí 24, èsì ti jáde. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ọdún 2012 ní kí àròpín rẹ̀ má kọjá 126 nínú mílílítà 100 omi tí èèyàn ń lúwẹ̀ẹ́. Àmọ́ E. coli kò lè sọ bóyá àtọ̀sí ajá wà. Fún ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n ṣa ìṣáwùrú, kí wọ́n kó o sínú omi nínú ife, kí wọ́n gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n wá fi máíkíróskóòpù wo ohun tó ń jáde lára rẹ̀. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ iléèwé àgbègbè náà wò pẹ̀lú.

A kò ṣaláìní onímọ̀. Ó pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ABU ti ń yẹ omi Kubanni wò, ìwé ìwádìí wọn sì wà. Ilé-ìkàwé ni ó wà. Ọmọ tó ń bọ́ṣọ létí odò kò rí i kà. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Nílẹ̀ Yúróòpù, òfin ọdún 2006 sọ ọ́ di dandan pé kí ìjọba fi ipò omi hàn níbi tí èèyàn ti ń wọ omi gan-an.

Mo mọ̀ pé ilẹ̀ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni Kubanni wà. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìpínlẹ̀ Kàdúná ni àwọn tó ń wẹ̀ níbẹ̀, ilé ìwòsàn yín ni wọ́n sì máa gbé wọn wá. Ẹ pe àwọn aláṣẹ ABU, ẹ pe National Water Resources Institute tó wà lẹ́bàá yín ní Kàdúná, kí wọ́n jọ máa yẹ omi méjèèjì wò lóṣooṣù, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Kí wọ́n gbé pátákó sí etí omi, kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sí i ní Hausa, ní ìkọ̀wé bókò àti ìkọ̀wé àjàmí ti Lárúbáwá, kí wọ́n fi àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé hàn án fún ẹni tí kò mọ̀wé. Níbi tí pátákó bá ti pupa, kí ẹnikẹ́ni má wọ omi.

Gómìnà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí pátákó àkọ́kọ́ ti dúró kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.

Èmi ni,
Ọ̀kan nínú àwọn ará Sábó, Zaria.