Ẹja Alábẹ: Kí A Tó Rà Á, Ẹ Jẹ́ Ká Bèèrè Ibi Tí Ó Ti Wá



Láìpẹ́ yìí, ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé ní Faransé fi fídíò pálọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Àpótí dígí ńlá kan wà níbẹ̀ tó kún fún omi iyọ̀, ẹja aláwọ̀ aró kan sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. A fi han àwọn ọmọ CM2 wa. Wọ́n pariwo pé, "Dory nìyẹn!" Inú fíìmù *Le Monde de Nemo* tó jáde ní ọdún 2003 ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin kan wá bèèrè pé, "Maître, níbo ni wọ́n ti mú un?" A fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí ẹni wa. Ó ní òun kò bèèrè rí.

Ohun tó mú wa kọ èyí nìyẹn. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. A ti sọ ẹja yìí lórúkọ, a kò wo ilé rẹ̀.

Faransé ń pe òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní poisson-chirurgien, nítorí pé wọ́n ní ohun kan tó mú bí abẹ dókítà ní ìdí ìrù. Oríṣi wọn lé ní 80. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jẹ koríko wẹ́wẹ́ tó ń hù lórí òkúta iyùn nínú òkun. Bí kò bá sí ẹni tó ń jẹ koríko náà, yóò bo iyùn mọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń roko ni ẹja yìí nínú òkun. Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí á máa yọ àgbẹ̀ kúrò lóko láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ pálọ̀.

Ẹja aláwọ̀ aró yìí lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, òkun gbalasa ló sì mọ̀. Ẹbí rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tó wà ní Hawaii lè lò ju 30 ọdún lọ nínú òkun. Ní àwọn ibì kan ní Philippines àti Indonesia, àwọn apẹja kan máa ń fín májèlé cyanide sí ihò òkúta iyùn kí ẹja lè dákú, kí wọ́n lè fọwọ́ kó o. Májèlé náà ń pa iyùn pẹ̀lú.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ṣebí à ń jẹ ẹja? Ṣé wíwò ló wá burú?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àwọn apẹja wọ̀nyẹn náà ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́. A kò ní kí ẹnikẹ́ni fọ́ dígí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja tí a jẹ ṣe ara wa lóore. Èyí tó kú lójú ọ̀nà kó tó dé pálọ̀, ta ló ṣe lóore?

Ọ̀nà míì sì ti là. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní Hawaii sin aláwọ̀ ìyeyè láti ẹyin títí ó fi dàgbà. Ní 2016, àwọn ti Florida ṣe bẹ́ẹ̀ fún aláwọ̀ aró. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Hawaii ní kí ìjọba má fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti máa kó irú ẹja bẹ́ẹ̀ tà láìkọ́kọ́ yẹ ìpalára rẹ̀ sí òkun wò. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó bèèrè: ṣé inú òkun ni wọ́n ti mú un, àbí wọ́n sìn ín ni? Bí olùtajà kò bá lè dáhùn, kí ó pa owó rẹ̀ mọ́.

Dory kò sí ní òkun tiwa, ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ kan wà níbí, láti Morocco títí dé Angola. Acanthurus monroviae ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ó sì ní àmì ìyeyè níbi abẹ ìrù rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pẹja tàbí tí ẹ ń tà á ní Kútọnu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ tí ẹ ń pè é síbí. A fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ èyí tó wà nílé kí wọ́n tó mọ ti fíìmù.