Ẹ Wọn Ẹ̀jẹ̀ Yín Kí Ẹ Tó Wá Ọ̀tá



Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní ẹ̀yìn ọrùn ń dun òun, àyà òun ń lù bíi gúdúgúdú, òun kò sì rí oorun sùn. Mo dá Ifá, a rú ẹbọ tó jáde, mo sì gún gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ fún un. Ohun tí n kò bi í ni bóyá ó ń lo oògùn òyìnbó. Ó ń lò ó. Lọ́jọ́ kẹrin, bó ṣe dìde lórí ẹní ló ṣubú lulẹ̀. Ọsibítù ni wọ́n ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Ó yè é, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè, ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni.

Ewé wa kì í ṣe ewé lásán. Asofẹ́yẹjẹ ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní reserpine. Lára ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ti yọ ọ́ ní Switzerland lọ́dún 1952, tí àwọn dókítà sì fi wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó ṣe lágbára náà ló ṣe léwu. Bí ó bá bá oògùn dókítà pàdé nínú ara kan náà, ó lè fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé ẹ̀rọ lé èmi náà lápá. 178 lórí 104. Èmi tí ibì kankan kò dùn! Mo ń jẹun, mo ń wọ igbó lọ já ewé. Bí àìsàn yìí ṣe ń rìn nìyẹn, kì í kan ilẹ̀kùn. Bó bá ti ń tó 140 lórí 90 léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọlé. Ọkàn á máa fi ipá ti ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan, iṣan á máa le, títí ọjọ́ tí ọkàn á dáṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tí iṣan inú ọpọlọ á bẹ́ tàbí kó dí, tí rọpárọsẹ̀ á dé.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Èèyàn á ṣubú lójijì, á kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹbí ti ń béèrè ẹni tó pa á. Ojú wọn á lọ sára ìyá arúgbó kan nínú agbo ilé. Mo ti jókòó nídìí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní, ṣé ẹnikẹ́ni wọn ẹ̀jẹ̀ olóògbé rí? Wọ́n dákẹ́. Ìyá náà kò bá wọn jẹun mọ́ títí tó fi papò dà. N kò ní ayé kò sí, ta ni yóò gbà á lẹ́nu mi? Ṣùgbọ́n awo tó ń dárúkọ ọ̀tá kó tó béèrè iye iyọ̀ tí èèyàn ń jẹ ń ba iṣẹ́ Ọ̀rúnmìlà jẹ́.

Iyọ̀ náà ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́ fún àgbàlagbà. Ṣíbí tíì kan kò kún tán nìyẹn, fún gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà. Ẹ ka Maggi mọ́ ọn. Ẹ ka kánún tí a fi ń se ewédú mọ́ ọn, nítorí sodium inú iyọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti ọtí, kí àwa awo máa fi ta ilẹ̀ ju bí a ṣe ń gbé e mì lọ. Àwọn tí mò ń bá wí mọ ara wọn.

Àbá mi ni pé kí gbogbo ilé Ifá ra ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ kan, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n. Kí a wọn ẹni tó bá wá, kí a bi í léèrè oògùn tó ń lò, kí a tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga, kó lọ rí dókítà, kó má sì dá oògùn rẹ̀ dúró nítorí tiwa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní mò ń gbé iyì wa fún òyìnbó. Télọ̀ tó wọn aṣọ kó tó gé e, ta ló gbé iyì rẹ̀ fún?

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 Oṣù Kẹjọ, ẹ̀rọ náà yóò wà níta ilé Ifá wa láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ wọn.